Òyìnbó Ẹniọlá Tí Kò Sọ Gẹ̀ẹ́sì Bíi Ti Rédíò

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ń yangàn,

Ẹ kú ibi tí ẹ wà lájùlé ọ̀run. Ìwé kejì ni mo kà dé, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ má wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ara mi le. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn mí. Wọ́n ra ọ̀pá fún mi, mo ní kí wọ́n máa fi lé ewúrẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ nílé yín ní Ẹ̀pẹ́ Rẹ́mọ níhìn-ín, ó ti yanjú, ọkàn mi sì ti balẹ̀. Ta ni kí n sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin?

Ẹniọlá, ọmọ ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, mú òyìnbó kan wálé, Kálọ̀mù lorúkọ rẹ̀, ó ní ẹni tí òun fẹ́ fẹ́ nìyẹn. Inú mi kò dùn sí i. Kì í ṣe tìtorí àwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ fi mí fọ́kọ ní Ìbàdàn, bí mo bá ti sọ Rẹ́mọ wa, gbogbo agboolé á bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní kí n tún un sọ, kí àwọn ọmọ wọn lè wá gbọ́. Mi ò sọ fún yín rí. Ṣé ẹ mọ̀? Mo wá rò ó pé bí Ìbàdàn bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ti rí fún Ẹniọlá láàárín àwọn òyìnbó?

Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, a fi àbúrò mi, Tíṣà, ṣe agbẹnusọ ẹbí. Ó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwé, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì nínú ká máa tún Gẹ̀ẹ́sì ẹlòmíì ṣe. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá kí ọmọ náà káàbọ̀. Ọmọ náà dáhùn. Tíṣà ní kó tún un sọ, ó tún un sọ, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Bàbá mi, kò gbọ́ nǹkan kan. Ilé tí Tíṣà ń pè ní háòsì, húùsì ni ọmọ náà ń pè é. Ìta, ó ní úùtù. Ni Ẹniọlá bá ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì fún tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Mo fi ìborùn bo ẹnu.

Ojú ti Tíṣà, ó wá bínú. Ó pè wá sí yàrá, ó ní gbájúẹ̀ ni ọmọ náà, pé òun ti ń gbọ́ rédíò Lọ́ńdọ̀nù láti kékeré, kò sí ọmọ Ìlú Ọba tó ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Ó ní kí a dá agbọ̀n èso tó gbé wá padà fún un. Àwọn ìyàwó ilé ń mi orí. Ẹniọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ni mo rántí, nígbà tí ẹ ń ta obì. Bí oníbàárà bá wá ra obì, ẹ kì í ṣí apẹ̀rẹ̀ títí ẹ ó fi bi í léèrè ará ilé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lẹ fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ará Ìpẹ̀rú tí ẹnu rẹ̀ kò jọ ti Ìpẹ̀rú, ẹ ó ní obì ti tán.

Mo jáde, mo ní kí ọmọ náà pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kí n rí i. Obìnrin náà yọjú, orí rẹ̀ funfun bíi tèmi. Húùsì tirẹ̀ tún ki ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ń bá ọmọ wí pé ó ti rù. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ, gbogbo wa ló yé. Ẹnu ilé ni. Gbájúẹ̀ kan kò lè yá a lò.

Mo wá bi ọmọ náà ní èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé wọ́n ti fi ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀sín rí? Ó ní Sikọ́tíláǹdì ni òun ti wá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ó ní nígbà tí òun lọ ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á ní kí òun pe omi ní Gẹ̀ẹ́sì, kí òun tún un pè, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, Bàbá mi! Mo ní bí ó bá wá kan Ẹniọlá ńkọ́? Ó wò mí lójú, Ẹniọlá sì túmọ̀:

“Màmá, ẹni tó bá fi í ṣẹ̀sín nílé mi, ìta ló máa ti parí ẹ̀rín náà.”

Mo ní kí wọ́n gbé agbọ̀n èso wọlé. Tíṣà ní mo kánjú. Ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni àgbà ilé.

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, mo sì fi Rẹ́mọ gidi ṣàdúrà fún wọn, mi ò dín in kù. Kálọ̀mù ń ṣe àmín. Ó tilẹ̀ ṣe ọ̀kan kí n tó sọ ọ̀rọ̀ tán. Mo ní kò burú, yóò kọ́ ọ. Ṣé mo ṣe é dáadáa, Bàbá mi?

Mo ti ń sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí orí rẹ̀ le bíi tiyín.