Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Máàkì Tí Afẹ́fẹ́ Abúlé Wa Gbà

Kafr el-Tut,
lẹ́yìn ìkórè ìrẹsì.

Rifat ọmọ mi, àkọ́bí mi, arólé mi tó ń gbé òkè ilé alájà mẹ́fà ní Ṣúbrà, ní Káírò,

Àlàáfíà Ọlọ́hun ni mo fi kí ọ. Mo kí Gada aya rẹ, mo kí Basma ọmọ ọmọ mi, mo kí ẹni tó ń gbá àtẹ̀gùn yín, mo sì kí onílé yín náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún ti fi owó kún owó ilé. Ọlọ́hun yóò fún gbogbo yín ní èémí tó ń dé ìsàlẹ̀ ikùn. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ẹfọ̀n wa pàápàá ì bá kí ọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹun lọ́wọ́, o sì mọ̀ pé kì í fi oúnjẹ ṣeré.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni pé bàbá rẹ ti di ènìyàn ńlá. Ní Jímọ̀ tó kọjá, bí mo ṣe wọ ilé tíì lẹ́yìn ìrun, gbogbo ọkùnrin Kafr el-Tut ló dìde fún mi, baálẹ̀ fúnra rẹ̀ dìde. Ó dáa, kì í ṣe gbogbo wọn. Wọ́n tó mẹ́ta. Ọ̀kan ti ń múra àtilọ sílé tẹ́lẹ̀, èkejì ni ẹni tó ń gbé tíì, òun kì í jókòó rárá, baálẹ̀ ní tirẹ̀ sì dìde nítorí pé ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè jókòó mọ́. Wọ́n ti sọ mí lórúkọ tuntun, Bàbá Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni wọ́n ń pè mí, àwọn ọmọdé sì ń pè é tẹ̀lé mi lẹ́bàá odò bí ẹni ń lé ewúrẹ́. O mọ ibi tí orúkọ náà ti wá, ṣùgbọ́n ibi tí o mọ̀ ọ́n dé kò tíì tó, ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú kálámù. Mo ti pè ọ́ lórí fóònù láti sọ ọ́, mo tún pè, mo tún pè, bí o bá sì ti gbé e, iye tí wọ́n ń ta ànàmọ́ ní Káírò ni mo máa ń béèrè. Ẹnu mi máa ń sáré ju èmi tí mo ni ín lọ. Kálámù ló ń rọra rìn tí mo fi lè bá a rìn.

Hilal, ọmọ Bàbá Hilal tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, ló mú lẹ́tà yìí wá pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ méjì àti fatiri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ìyá rẹ fi bọ́tà ẹfọ̀n pò. Fún un ní ìjókòó, fún un ní tíì, má jẹ̀ẹ́ kó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ ohun tó wà nínú ìwé tó gbé. Bí o bá kà á tán, wàá mọ ìdí tí mo fi ní kí o fi ọ̀wọ̀ gbà á.

Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀, ohun funfun bí ọṣẹ, tó ní ojú kan tó ń tàn níwájú. Mo rántí gbogbo ohun tí o bá mi sọ. O ní àyà Basma tún ti ń dí, pé bó bá mí, ó ń dún bíi fèrè tó ti là, pé èéfín Káírò ló fà á, àti pé dókítà ní kí ẹ gbé e lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti dára títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. O ní yálà ọ̀dọ̀ wa tàbí ọ̀dọ̀ ìyá Gada ní Alẹkisáńdíríà. O ní kí n gbé ẹ̀rọ náà sórí òrùlé, yóò máa ka afẹ́fẹ́ wa, ìwọ náà yóò máa rí i nínú fóònù rẹ lọ́hùn-ún, ibi tí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì dára jù ni ọmọ yóò lọ. Mo ní mo ti gbọ́. Òótọ́ ni, mo gbọ́. Mi ò kàn béèrè èwo ni nọ́ńbà tó dára ni, nítorí ta ni kò mọ ìyẹn?

Rifat, ìwé kẹta ni mo kà dé. Ọdún tí mo kúrò, máàkì méjìlá ni mo gbà nínú ìṣirò, tíṣà fi pàṣán na àtẹ́lẹsẹ̀ mi, bàbá mi sì fa okùn ẹfọ̀n lé mi lọ́wọ́, ó ní èyí kò ní bi mí ní ìṣirò. Nígbà tí ìwọ yege ìdánwò àṣejáde tí máàkì rẹ lé ní àádọ́rùn-ún, ìyá rẹ ké igbe ayọ̀ títí ohùn fi há a, èmi sì pín ṣarabati pupa, omi dídùn tí a fi ń ṣe ayọ̀, fún gbogbo abúlé, títí kan àwọn tí mi ò fẹ́ràn. Nítorí náà, èmi mọ nọ́ńbà. Èyí tó ga ni ẹ̀yẹ, èyí tó kéré ni pàṣán.

Mo gbé e sáàárín ilé ẹyẹlé àti àgbàdo tí ìyá rẹ sá. Ó rò ó díẹ̀, ó kọ méjìdínlógójì, ojú rẹ̀ sì tàn ní àwọ̀ ewé. Ìtìjú bá mi. Àwọ̀ ewé yẹn gan-an ló dá mi lójú jù, nítorí tòmátò tó bá ṣì ní àwọ̀ ewé, kò tíì pọ́n nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, o pè, o ní tiwa dára gan-an. Mo rò pé ò ń bo bàbá rẹ láṣìírí ni, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe máa ń ṣe, mo sì ṣàdúrà fún ọ nínú ọkàn mi. Mo bi ọ́ pé Káírò ńkọ́. O ní mẹ́tàlélọ́gọ́jọ, pé ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní Alẹkisáńdíríà ńkọ́, o ní àádọ́rin. Mo ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́, o rẹ́rìn-ín, o ní méjìlélógún. Àánú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ṣe mí, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí wọ́n kà. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lára ni ti ìyá Gada. Obìnrin tó sọ níbi ìgbéyàwó yín pé abúlé wa ń run ìgbẹ́ ẹfọ̀n, òun ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì jù mí lọ, òun ni wọn yóò gbé ọmọ ọmọ mi fún. Mi ò jẹun alẹ́ dáadáa. Ó dáa, mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mi ò gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìyá rẹ dáná sí ààrò búrẹ́dì ni mo rí ọ̀nà àbáyọ. Bí èéfín ààrò ṣe gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ń gun òkè, ó dé àádọ́rùn-ún. Mo wá mọ̀ pé ẹ̀rọ náà fẹ́ràn búrẹ́dì gbígbóná bí gbogbo ènìyàn gidi. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ààrò. Ìyá rẹ bi mí bóyá mo fẹ́ yan án ni. Mo ní kó máa koná, pé nítorí Basma ni. Ó dé igba, ojú rẹ̀ pọ́n rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀. O pè mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín, Bàbá? Mo ní má mikàn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nara ni.

Òkìtì pòròpórò ìrẹsì wa wà lẹ́yìn ilé, lẹ́bàá odò, níbi tí a máa ń kó o sí. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ dì í kò tíì wá. Ìjọba ti fi òfin de sísun rẹ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní èéfín rẹ̀ ń rìn lọ bo Káírò mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, èmi sì máa ń sọ pé bí èéfín bá lè rìn tó bẹ́ẹ̀, kó bá mi kí ọmọ mi. Bí iná ṣe ràn mọ́ òkìtì náà, màá dé ibẹ̀, má kán mi lójú. Ó ṣáà ràn. Èéfín dúdú bo ilé ẹyẹlé, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ń sín, ìyá rẹ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó ń húkọ́. Aṣọ tí ìyàwó Bàbá Hilal ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ tó sá, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ̀rọ náà sì ń gòkè, ó ń gòkè, ó dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó dúró síbẹ̀ nítorí kò tún mọ ibi tó lè lọ, ojú rẹ̀ kọjá pupa, ó dà bí ẹ̀dọ̀. Omi ń dà lójú mi. Mo rò pé omijé ayọ̀ ni.

Mo ra ṣarabati. Mo pín in ní ilé tíì, mo ní Kafr el-Tut ti na Káírò, ó ti na ìlú Zagazig, Alẹkisáńdíríà kò sí níbẹ̀, ti Lọ́ńdọ̀nù ká má sọ ọ́. Wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń mu, wọ́n ń kí mi kú oríire. Mo pè ọ́ níbẹ̀ lójú gbogbo wọn, Gada ló gbé e, mo sì kígbe ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí i létí. Ó dá mi lóhùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Ìdọ̀tí ni nọ́ńbà yẹn ń kà. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Kí ló ń jó lọ́dọ̀ yín?"

Ó ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni òun sọ fún Basma pé ọ̀dọ̀ bàbá àgbà ló ń lọ, pé ó ti di báàgì rẹ̀, ó ti kó sálúbàtà rẹ̀ sí i. Mo sì ń gbọ́ ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń béèrè bóyá pẹ́pẹ́yẹ tó ń tiro ṣì wà láyé. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwọ wá gba fóònù, o ní ta ló dáná. Mo wo ojú gbogbo ilé tíì, ife ṣarabati wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi sì sáré. Mo ní Bàbá Hilal ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí. Jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná.

O pè é. Mi ò mọ gbogbo ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ máa ń ké bí àkùkọ, ògiri wa kò sì nípọn. Mo gbọ́ tí o pè é ní olójúkòkòrò tó ń pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo gbọ́ tí ò ń sọ pé "ìwọ" fún un bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Rifat, ọkùnrin yìí ló gbé ọ lé èjìká nígbà tí o já bọ́ lórí igi tuti tí ẹsẹ̀ rẹ kán, ó fi ẹsẹ̀ rìn dé títì ńlá, ìwọ ń ṣẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó sì ń kọrin fún ọ kí o má baà sùn. Èmi ń sáré lẹ́yìn, mo mú bàtà yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ló wá sílé wa. Mo ti múra fún èébú, mo tilẹ̀ ti ro èyí tí màá fi dá a lóhùn. Ó jókòó, ó béèrè tíì, ó ní kí n fi ṣúgà sí i dáadáa. Ó húkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọmọ rẹ pè mí." Mo ní ṣé kò sí. Ó ní, "Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó má bínú, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Mo bi í pé kí ló dé tó fi gbà bẹ́ẹ̀. Ó ro tíì rẹ̀ títí.

Ó ní, "Èmi kọ́ ni bàbá rẹ̀. Bó bá bínú sí mi, yóò gbàgbé."

Ó mu tíì náà tán, ó ní èèrà wà nínú ṣúgà mi, ó lọ. Láti kékeré ni mo ti ń fi ọkùnrin yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò sì tíì gbẹ̀san ọ̀kankan títí di òní. Àbí ó ti gbẹ̀san báyìí. Mi ò lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ilé ni mò ń gbà lọ sóko bí olè. Èéfín nìwà, rírú ní ń rú, èmi kò kàn mọ̀ pé yóò rú dé ilé tíì.

Ẹ̀rọ rẹ ti padà sórí òrùlé. Mi ò fọwọ́ kàn án, mi ò tilẹ̀ mí sí i lára. Nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí eérú náà ṣì ń rú. Bí Alẹkisáńdíríà bá dára jù tiwa lọ, ẹ gbé Basma lọ síbẹ̀, ẹ má wo ojú mi, ẹ jẹ́ kí ìyá Gada máa fi ẹja bọ́ ọmọ náà. Sọ fún Basma pé pẹ́pẹ́yẹ tó ń tiro wà láyé, kò sí nínú àwọn méjì tí Hilal gbé wá.

Owó díẹ̀ ni mo tún fẹ́ kí o fi rán Hilal, nítorí àsìkò ìbéèrè kò ní kọjá kí bàbá rẹ má béèrè. Ti ọkùnrin tó ń di pòròpórò ni, kó wá kó ìyókù kúrò, àti ti ọṣẹ fún ìyàwó Bàbá Hilal. Bó bá ṣẹ́kù, tábà ìkòkò mi, rárá, fi ti tábà sílẹ̀. Èéfín tí a rú lọ́dún yìí tó.

Ọlọ́hun yóò la àyà Basma bí ìgbà tí wọ́n ṣí ojú odò fún oko. Ìwọ náà kò ní mí èémí ìbànújẹ́. Gada kò ní sunkún lórí ọmọ. Ilé alájà mẹ́fà yín kò ní wó, ẹ óò sì gba ibẹ̀ kúrò bọ́ sí ilé tara yín, èyí tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò ga, kí n lè máa wá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣẹháta.

Mo ti fọwọ́ sí i tán kí n tó rí i pé mi ò tíì kọ ọ́. Pe Bàbá Hilal, kí o sì sọ pé "ẹ" fún un. Kò mú ìṣáná lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo dáná sun pòròpórò wa, nítorí mo fẹ́ kí Basma wá sọ́dọ̀ mi. Kí n tó ṣáná, méjìdínlógójì ni wá.