Eré Tí Mo Rà Láìwò Fún Màmá

Ilé Fákọ̀yà,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ẹfọ̀n-Aláayè,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kọkànlá, ọdún 2014.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Modúpẹ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé bàbá wọn ti bọ́ lọ́wọ́ ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Mo rí ìyá rẹ ní Arámọ̀kọ lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ara wọn le koko. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ṣì ń retí aṣọ tí o ṣèlérí. Mo ti jíṣẹ́ o, ọrùn mi mọ́.

Mo mọ̀ pé wàá máa ṣe kàyéfì pé ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé ìsinsìnyí. Fóònù rẹ kò lọ láti ìgbà tó ti bọ́ sómi, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ gùn ju ti orí fóònù lọ. Elijah àbúrò mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, òun ni mo fi lẹ́tà yìí àti iṣu díẹ̀ rán. Bí iṣu náà kò bá pé mẹ́fà, òun ni kí o bi.

Ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ ni, Modúpẹ́. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń fi ojú kan sùn. O rántí pé ìyá ọkọ mi ṣubú. Ẹrẹ̀ òjò ló yọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà oko kòkó wọn lápá Ẹ̀rìjìyàn, eegun ojúgun ọ̀tún sì dá. Ní ọsibítù, wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ náà, dókítà sì kìlọ̀ fún èmi àti ọkọ mi, Bàbá Favour, pé fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹsẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá fi tẹlẹ̀ kí eegun tó so pọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rìn dáadáa mọ́ títí ayé.

Ìwọ náà sì mọ Màmá. Ẹni tó ń dé oko kí àkùkọ tó kọ, ta ni yóò ní kó jókòó? Ní ọjọ́ kẹta tí a dé láti ọsibítù, mo ti ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn ìsinmi dé, mo bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n di ògiri mú, wọ́n fẹ́ lọ yí kòkó tí a sá sí oòrùn padà. Ìyàwó ilé ni mí, n kò lè pàṣẹ fún ìyá ọkọ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, ṣé ulé yìí náà ni mo máa jókòó sí bí adìyẹ tó ń sàba? Ta ló máa bá mi ṣe uṣẹ́ mi?” Bàbá Favour ní kí wọ́n fi Ògún búra pé wọn kò ní dìde mọ́. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn kì í fi Ògún búra ohun tí àwọn mọ̀ pé àwọn kò ní lè ṣe.

Mo wá rò ó pé kí n wá ohun tí yóò mú wọn jókòó láìjẹ́ pé mo pàṣẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwa tísà sí ìpàdé ní Ìjerò, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael, tó ń ta fíìmù orí dísìkì. Mo ní mo fẹ́ eré àtìgbàdégbà Yorùbá tó gùn dáadáa, tí àgbàlagbà yóò gbádùn. Ó gbé páálí kan lé mi lọ́wọ́, dísìkì mẹ́rìnlélógún ló wà nínú rẹ̀. Àwòrán ìyá àgbà kan ló wà níwájú rẹ̀, ó wérí, ó ru apẹ̀rẹ̀, ó sì dojú kọ òkè. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la rí. Òkè náà jọ òkè Ẹfọ̀n níbí débi pé n kò bèèrè nǹkan mìíràn. Mo ní kó fi sí ẹ̀rọ kí n wò ó, ó ní kò síná, jẹnẹrétọ̀ òun sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mọ́tò Ẹfọ̀n sì ti ń pèrò. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ni mo fi mú tèmi. Mo sanwó, mo sáré.

A délé, a fi dísìkì kìíní sí ẹ̀rọ, ìyá àgbà náà yíjú sí wa. Háà! Kì í ṣe Yorùbá, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ Nàìjíríà! Ará ìlú òkèèrè kan ni, ó ń sọ èdè tí etí mi kò gbọ́ rí, ìwé Gẹ̀ẹ́sì sì ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Màmá kò lè ka ti Yorùbá, ká má tíì sọ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Bàbá Favour rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo nawọ́ kí n pa tẹlifíṣọ̀n, ni Màmá bá ní kí n fi sílẹ̀. Ìyá inú fíìmù ń sá ata sórí ẹní. Màmá tẹjú mọ́ ọn, wọ́n ní, “Ẹ wo bó ṣe ń sá a! Kò mọ̀ ọ́n sá.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí ló bínú kúrò nílé, ìyá sì ń retí rẹ̀. Mo ń ka Gẹ̀ẹ́sì, mo ń túmọ̀ rẹ̀, Màmá sì ń já mi nírọ́. Wọ́n ní ohun tí mo kà kọ́ ló wà lójú obìnrin náà. Nígbà tó yá, n kò túmọ̀ mọ́, Màmá ló ń sọ ìtàn fún wa. Mo pín in sí dísìkì mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó lè bá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ náà dọ́gba. Ìyá Bọ́lárìnwá aládùúgbò wa, alágbàdúrà ṣọ́ọ̀ṣì CAC, tí kì í fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà wa nítorí ojú Ògún tó wà níbẹ̀, òun ló kọ́kọ́ ń dé nínú àwọn aládùúgbò tó ń wá bá wa wò ó. Bí Màmá bá fẹ́ dìde, òun ni yóò ní, “Ẹ jókòó o jàre, ẹ ń dí wa lójú.” Màmá yóò sì jókòó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, wọ́n gé sìmẹ́ńtì kúrò, dókítà ní eegun ti so pọ̀ dáadáa, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa gan. Èmi ti ń dúpẹ́, n kò mọ̀ pé ó kù. Ẹsẹ̀ náà ti tín-ín-rín, Màmá ń wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí a kò lè mú jókòó ni a kò tún lè mú dìde. Wọ́n ní bí àwọn bá tún ṣubú, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, Modúpẹ́, n kò sì rí ẹ̀rù lójú obìnrin yẹn rí. Mo ti fi dísìkì tó kẹ́yìn pamọ́, mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá rìn la ó wò ó. Wọn kò kúrò lórí ìjókòó. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé èmi ni mo fi fíìmù kọ́ wọn ní ìjókòó, mo sì sunkún nílé ìdáná.

Nígbà tí ó sú mi, mo fi dísìkì náà sí i. Ìyá inú fíìmù ń sin adìyẹ tó kú, ohun tí a ti wò nínú oṣù kẹsàn-án! Dísìkì kẹsàn-án ni wọ́n tún dà sínú ti kẹrìnlélógún. Màmá yarí. “Ṣé ọmọ yẹn wálé àbí kò wálé?” Mo ní n ó lọ pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ kọ́! Ìwọ lo rà á láìwò ó. Èmi ni mo máa lọ bá a fúnra mi.”

Sátidé tó kọjá la lọ. Bàbá Favour gbé wọn sínú mọ́tò bí ọmọ ọwọ́. Ní Ìjerò, wọ́n fi ọ̀pá àti èjìká mi fò lẹ́sẹ̀ kan títí a fi wọ ṣọ́ọ̀bù. Michael bẹ̀bẹ̀, ó tú páálí mìíràn, ó rí ojúlówó ti kẹrìnlélógún. Iná wà lọ́jọ́ náà. Ó gbé àga wá, Màmá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní, “A ti ra kan láìwò. Ìdúró ni mo máa wo eléyìí tán.”

Eré bẹ̀rẹ̀. Èmi kò wò ó, nítorí mo rí i tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá rọra kan ilẹ̀. Nígbà tó yá, gìgísẹ̀ náà wálẹ̀. Wọ́n mú ọwọ́ kúrò léjìká mi. Orin kan ń dún nínú tẹlifíṣọ̀n, mo gbọ́ tí Michael ń fa imú, ni ọ̀pá bá bọ́ lọ́wọ́ Màmá, kò sí ẹni tó mú un. Màmá nawọ́, wọ́n ní, “Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!” wọ́n sì rìn lọ bá tẹlifíṣọ̀n náà. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni, mo kà á.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, má bi mí bóyá ọmọ yẹn padà wálé. Ẹsẹ̀ Màmá ni mo ń wò.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Favour àti bàbá rẹ̀ ń kí yín. Ǹ bá ní kí Màmá fúnra wọn kí ọ kí n tó di àpòòwé yìí, ṣùgbọ́n wọ́n wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń yí kòkó padà, n kò sì ní sọ pé kí wọ́n jókòó.

Èmi ni tìrẹ, ẹni tí kò ní ra ohun tí kò wò mọ́,
Tóyìn.