Ọ̀fun Tó Ń Dùn Yín Yìí

Bàbá àwọn ọmọ mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Omi gbígbóná wà nínú fláàsìkì, atalẹ̀ àti oyin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ mu ún. Méjèèjì ni mo wí o, torí oyin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, atalẹ̀ ò sì dín rárá. Omi iyọ̀ tí mo ní kí ẹ máa fi fọ ọ̀fun ń tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n òdòdó ojú fèrèsé ti ń kú lọ, iyọ̀ sì funfun lórí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Àbí ọ̀fun ń dun òun náà ni?

Ọjọ́ tí a rí òòlù yín lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ohùn yín há, òòlù tí ẹ torí rẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n mi káfíńtà ní olè lójú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ ní tí ohùn bá ti là, ẹ máa pè é, ẹ máa bẹ̀ ẹ́. Mo gbà. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo gbọ́ ẹni tó ń dá orin ní balùwẹ̀, tó tún ń gbè é fúnra rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn. Orin dákẹ́, ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Tó bá ń dùn yín lóòótọ́, ẹ má bínú, a ó jọ lọ rí dókítà lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Mo ti sọ fún un pé ẹ ò lóhùn. Ó ní kò burú, ìdọ̀bálẹ̀ ò gba ohùn.