Lórí Ọ̀rọ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì Inú Itẹ́ Òkú

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Òtu.

Ọmọ́jọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé iṣẹ́ ọsibítù kò pọ̀ jù fún ọ? Mo mọ̀ pé nígbà tí lẹ́tà yìí bá fi máa dé Bowie ní Maryland, ó lè jẹ́ pé ibi iṣẹ́ lo ti ń bọ̀, oorun á sì wà lójú rẹ, nítorí náà kọ́kọ́ jẹun kí o tó kà á. Ọwọ́ tí o fi ń gbé aláìsàn dìde kò ní rọ, ẹni tí o bá tọ́jú kò ní kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Joshua àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́? Sọ fún un pé mo rí bàtà tó fi ránṣẹ́, ó há mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn, tí mo bá ti jókòó mo máa ń bọ́ ọ.

Àlàáfíà la wà nílé. Ìjì ká páànù ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ mi bí ìbejì, orúnkún Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kò sì jẹ́ kó gbádùn. Fóònù tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò gbọ́ràn. Lọ́jọ́ kan ó dá pe pásítọ̀ wa nígbà tí mo ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀gẹ́, pásítọ̀ sì gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ fún ewúrẹ́ náà. Déolú ọmọ àbúrò mi, tó ń ṣe tíṣà, ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ti físà kò tíì bọ́ sí i. Wọ́n bi mí pé ṣé màá padà wálé lẹ́yìn ìgbéyàwó, mo ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, ni ọkùnrin náà bá dá ìwé mi padà. N kò mọ ohun tó tún fẹ́ kí Kìrìsìtẹ́nì sọ.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé ni ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ fẹ́ lò, torí o ní ẹ kò ní mú ọjọ́ àyàfi tí mo bá gbà. Èmi, Bàbá Àgbà àti Déolú la jọ wo fídíò tí o fi ránṣẹ́. Mo kí obìnrin tó ń fi inú ilé hàn wá, mo tún un kí, kò dáhùn, mo ní bóyá bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kéré ṣùgbọ́n ó dára, òkúta ni látòkè délẹ̀, Bàbá Àgbà sì ń yìn ín. Àfi ìgbà tí fídíò jáde síta tí a rí i pé sàréè ló yí i ká, tí wọ́n tò lọ bí ebè iṣu. Bàbá Àgbà fa ọ̀pá rẹ̀ yọ, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí, kí wọ́n mú ìyàwó ojú ọ̀nà lọ sí itẹ́ òkú, pé tí mo bá gbà bẹ́ẹ̀, kí n má ka òun mọ́ ẹbí mọ́. Ẹ̀rù ba èmi náà gan-an ni. N kò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. O sọ lórí fóònù pé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Skọ́tílándì ni, mo bi ọ́ pé báwo ló ṣe dé Amẹ́ríkà, ni iná fóònù bá kú. Ọmọ mi, mo rò pé wọ́n jí i gbé ni. Mo ń ro àwọn èèyàn yẹn, tí wọ́n múra lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n gbé Bíbélì, tí wọ́n dé ibẹ̀ tí wọn kò bá ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo ní Joshua kò ní gbé ọmọ mi níyàwó nínú ẹrù olè.

Ìgbà tí Déolú ka ọ̀rọ̀ gígùn tí o kọ ránṣẹ́ fún mi ni ó tó yé mi. O ní ọkùnrin tó ni ilẹ̀ ìsìnkú náà láyé àtijọ́ ló rìnrìn àjò lọ sí Skọ́tílándì, tó rí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní abúlé, tó mú ayàwòrán ilé lọ wọ̀n ọ́n, ilẹ̀kùn, fèrèsé, títí kan ilé agogo, tó wá kọ́ irú rẹ̀ gan-an síbẹ̀. Èyí kò ṣòro fún mi, torí iṣẹ́ mi ni. Tí oníbàárà bá gbé bùbá tó fẹ́ràn wá, n kì í tú u, orí aṣọ tuntun ni mo máa tẹ́ ẹ sí, màá fi ṣọ́ọ̀kì yí i po, màá gé e, ti àkọ́kọ́ á sì bá olówó rẹ̀ padà sílé. O wá ní ti Skọ́tílándì ti wó, ó ku ògiri kan, pé àwọn ará ibẹ̀ ló ń wá sí Maryland báyìí láti wá wo bí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣe rí. Ìyẹn yà mí lẹ́nu gan-an.

O tún kọ ọ́ pé ìgbà kan wà tí wọn kì í sin aláwọ̀ dúdú síbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó níbẹ̀, ṣùgbọ́n Michelle tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ nísinsìnyí, aláwọ̀ dúdú ni, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀. Mo ní kí ni Ọmọ Ọba Jọ́ọ̀jì ń wò tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀? Déolú ní kò sí ọmọ ọba kankan níbẹ̀, pé orúkọ kántì yín, bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, lásán ni. Ọmọdé ni, kí ló mọ̀? Ẹ mú iṣu lọ kí ọmọ ọba náà kí ẹ tó ṣègbéyàwó o.

Ọ̀rọ̀ sàréè ló wá kù. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé aṣọ oníbàárà jáde síwájú ilé, mo tẹ́ ẹ sórí sàréè bàbá rẹ kí n gé e, bí mo ṣe máa ń ṣe, torí ó tẹ́jú, ó sì tutù. Mo ti fa ṣọ́ọ̀kì dé apá kí n tó dúró. Orí sàréè yìí náà lo ti máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ti bàbá tó bí bàbá rẹ wà nínú pálọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ́ ẹní sí nígbà tí àwọn ará ilé Joshua wá tọrọ rẹ, Bàbá Àgbà sì jókòó lé e, ó ń jẹ obì wọn. Èmi náà, orí sàréè ni mo kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọ ilé yìí, kò sì sẹ́ni tó pè é ní itẹ́ òkú. Mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Àgbà. Ó wá béèrè bóyá àwọn òkú tibẹ̀ kì í yọ ènìyàn lẹ́nu. Mo ní ó pẹ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ó ní kí Joshua kí wọn kó tó wọlé, òun ti gbà.

Èmi náà gbà, Ọmọ́jọlá. Ẹ mú ọjọ́.

Ṣùgbọ́n mo padà sórí sàréè náà, mo sunkún. Òkú olókùú ló máa yí ọ ká lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ, bàbá rẹ nìkan ni kò ní sí níbẹ̀. Ni mo bá rántí bùrọ̀kéèdì funfun tó rà lọ́dún tí o wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, tó ní òun máa wọ̀ lọ́jọ́ tí òun bá fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́, tí kò rí i rán kó tó kú. Mo gbé e jáde nínú àpótí, mo tẹ́ ẹ sórí sàréè rẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì yí etí sàréè náà po, mo gé e bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Kò tó níbi ẹsẹ̀, mo fi díẹ̀ kún un lára ìró tí mo wọ̀ nígbà ìgbéyàwó tèmi. Mùlíkàt ọmọ Abibat aládùúgbò wa, tó ń padà sí New Carrollton nítòsí yín, ló máa gbé e wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Má fi í rán nǹkan kan o.

Tí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ fún páànù àti fún oògùn orúnkún Bàbá Àgbà, kí o sì fi ti sìmẹ́ǹtì sí i, torí sàréè ti ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tí ẹ̀rín kò ní tán nínú rẹ̀, ọmọ tí o bá bí yóò mọ ọ̀nà ilé wa.

Bẹ Michelle kó jẹ́ kí ẹ tẹ́ aṣọ náà síwájú pẹpẹ. Ibi tí mo rán òwú pupa sí ni orí bàbá rẹ. Níbi ẹsẹ̀ ni kí o kúnlẹ̀, lórí ìró tèmi, kí o kọjú sí i. Sọ aago tó máa jẹ́ lọ́dọ̀ yín fún Déolú kó bá mi ṣírò rẹ̀. N óò ti wà níwájú ilé níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ, n óò máa bá a ṣe àmín.

Èmi ni ìyá rẹ.