Páswọ́ọ̀dù Módẹ̀mù

Ọjọ́bọ̀, Woji

Ara mi ò lélẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́. Módẹ̀mù tuntun ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí mo gbé e yí pálọ̀ ká kí iná pupa rẹ̀ tó kú. Nígbà tó ní kí n yan páswọ́ọ̀dù, mo kọ oríkì mi lẹ́ẹ̀mejì, bí màámi ṣe máa ń pè é kí wọ́n tó kú.

Ṣadé ọmọ mi dé. “Mọ́mì, wetin be the password?”

“Oríkì mi, lẹ́ẹ̀mejì.”

“Which one be oríkì?”

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ta ló yẹ kó kọ́ ọ? Mo gba fóònù rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ fún un.

Bàbá rẹ̀ pàápàá, Mọ́mì Ṣadé ló ń pè mí. Nínú ilé yìí, módẹ̀mù nìkan ló mọ̀ mí ní Àbẹ̀kẹ́.