Rédíò Ní Ẹnikẹ́ni Ò Kú

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ohùn tó ń bọ́ ọ ò ní há o. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún mi náà ṣì wà bó ṣe wà. Láràárọ̀ tí o bá kí wa nínú rédíò ni mo máa ń dá ọ lóhùn, mo mọ̀ pé ariwo ibi iṣẹ́ rẹ ni kì í jẹ́ kí o gbọ́.

Ọmọ mi, afárá tí gómìnà wá ṣí lọ́dún tó kọjá ti wó. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi aránṣọ, èyí tẹ́ ẹ jọ ń pín búrẹ́dì jẹ nílé ìwé, wà lórí rẹ̀, ó ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Wọ́n wá a, wọn ò rí i. Lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ ọ tó o ń ka ìròyìn pé afárá kàn sán díẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò kú, pé àwọn ẹgbẹ́ alátakò ló ń gbé irọ́ kiri. Inú mi dùn dẹ́yìn. Mo sáré lọ láìwọ bàtà, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi nu omijé nù, ọmọ rẹ̀ ò kú, ọmọ tèmi ló sọ bẹ́ẹ̀. A pe fóònù ọmọ náà, obìnrin kan gbé e, ó ń sọ òyìnbó, mo ní ṣé ẹ rí i, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni rere. Ọ̀rẹ́ mi wẹ̀, ó se oúnjẹ dè é.

Lọ́jọ́ kẹta, apẹja gbé e wálé látinú odò. Àpò aṣọ ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ò bá mi jà, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ó kàn bi mí pé ṣé ọmọ tòun ò sí lára ẹnikẹ́ni ni. Bíríkìlà àdúgbò wa sọ pé ẹgbẹ́ gómìnà ló ni rédíò yín, pé ìwé ni wọ́n ń kọ fún ọ kà. Mo bá a jà, mo ní rédíò ìjọba ni, gbogbo wa la ni ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé náà, ṣé kò bímọ ni?

Mi ò ní kí wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ bá jáde, sáà pe orúkọ ọmọ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo ti sọ fún ìyá rẹ̀, ó ti ń wá jókòó tì mí láràárọ̀. Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ kí n fi ra bátìrì, kí rédíò má lọ dákẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n wá ọ tì.

Èmi ni, ìyá rẹ.