Àwọn Ilé Iṣẹ́ Tó Ti Kú

Màámi,

Ara mi le, Chicago náà ò burú. Ẹ má pe nọ́ńbà ọ́fíìsì mọ́, tọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ máa pè. Àyè ti wá gbà mí dáadáa, àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń yan banitsa, oúnjẹ oníwàràkàṣì tiwa.

Ẹ rántí òfin tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà: bí owó ìpín ilé iṣẹ́ kan bá já wálẹ̀, kó rà á, bó bá gòkè, kó tà á. A fi iye owó ìpín láti ogún ọdún sẹ́yìn dán an wò. Èrè rẹpẹtẹ! Àfi bí mo ṣe rí i pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ṣì wà láàyè nìkan ló wà nínú àkọsílẹ̀ tí a fi dán an wò. Mo dá àwọn tó ti kú, àwọn tó ti kógbá wọlé, padà sínú rẹ̀, gbogbo èrè bá di àdánù.

Ọ̀gá mi, Corrigan, ní, “Desi, yọ òkú wọ̀nyẹn kí oníbàárà tó fẹ́ fowó sí i tó dé. Àbí ìwọ lo bí wọn ni?”

Mo ní, “Lọ́dọọdún ni màmá mi ń lẹ fọ́tò bàbá mi tó kú mọ́ géètì. A kì í yọ òkú nílùú wa.”

Mi ò sì yọ wọ́n. Mo kó ẹrù mi kúrò lórí tábìlì; kó wá ẹlòmíràn tó máa yọ wọ́n.

Ẹ bá mi kí Boyka àbúrò mi. Ẹ kí Bàbá lẹ́nu géètì. Bí òjò bá ti fa bébà wọn ya, ẹ lẹ òmíràn.

Desi yín